Orí Keje: Ìmúrasílẹ̀ fún Àbẹ̀wò Home Office sí Iléeṣẹ́ Tó Ń Ṣe Onígbọ̀wọ́ Físà

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) sọ ìdí tí ìjọba Ìlú Ọba fi ń bẹ àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ físà wò;
(b) túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó wà ní ìpín 2;
(d) fi ohun tó wà nínú fáìlì wé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń ṣe lójoojúmọ́, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí wọn kò ti bára mu;
(e) ṣàlàyé ohun tó yẹ kí agbanisíṣẹ́ ṣe kí àbẹ̀wò tó dé, lọ́jọ́ tó bá dé, àti lẹ́yìn rẹ̀.

1. Bí àbẹ̀wò ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ìparí ọdún 2008, ìjọba Ìlú Ọba gbé apá kan iṣẹ́ aṣọ́bodè lé agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ mú òṣìṣẹ́ wá láti òkèèrè ní láti kọ́kọ́ gba ìwé-àṣẹ fúnra rẹ̀, kí ó sì ṣèlérí ohun mélòó kan: iṣẹ́ tí òun kọ sílẹ̀ ni ẹni náà yóò máa ṣe, owó tí òun dárúkọ lòun yóò máa san, bí ẹni náà kò bá sì yọjú síbi iṣẹ́ mọ́, òun yóò fi tó ìjọba létí. Orí ìlérí yìí ni gbogbo ètò náà dúró lé. Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀ràn ìwọ̀lú, kò sí nílé ìtọ́jú arúgbó láago méjì òru láti rí ẹni tó ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rán ènìyàn lọ wò ó.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà, tí àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ ń pè ní iṣẹ́ kẹ́à, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba fi olùtọ́jú àgbà kún àwọn tó lè gba físà Health and Care Worker. Àwọn ará India, Nàìjíríà àti Zimbabwe ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gba ọ̀nà yìí wọlé, ọmọ Yorùbá kò sì kéré láàárín wọn. Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké tí kò ṣe onígbọ̀wọ́ rí náà rọ́ wọ inú ètò yìí, láìmọ ohun tí ìwé-àṣẹ tí wọ́n gbà dè mọ́ wọn lọ́rùn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìròyìn tí David Neal kọ nígbà tó jẹ́ olùṣàyẹ̀wò àgbà olómìnira fún ọ̀ràn ibodè àti ìwọ̀lú jáde. Ó fi hàn pé Home Office ti fún ilé ìtọ́jú kan tí kò sí níbì kankan ní ìwé-ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́ 275. Iléeṣẹ́ mìíràn, tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré lòun ní nígbà tó ń gba ìwé-àṣẹ, gba 1,234. Ìròyìn kan náà sọ pé olùbẹ̀wò kan ṣoṣo ló wà fún agbanisíṣẹ́ 1,600. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba múra sí iṣẹ́. Láàárín oṣù Keje ọdún 2024 sí oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìwé-àṣẹ 1,948 ni wọ́n gbà padà lọ́wọ́ àwọn onígbọ̀wọ́. 937 ni wọ́n gbà padà lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀.

Láti 22 oṣù Keje ọdún 2025, agbanisíṣẹ́ kò lè mú olùtọ́jú àgbà tuntun wá láti òkèèrè mọ́. Àwọn tó ti wà nílùú ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ onígbọ̀wọ́, àbẹ̀wò kò sì dáwọ́ dúró.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́

Ìwé-àṣẹ onígbọ̀wọ́ ni àṣẹ tí Home Office fún iléeṣẹ́ láti gba òṣìṣẹ́ tó nílò físà. Orúkọ gbogbo iléeṣẹ́ tó ní in wà lórí àkọsílẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ láti Ìbàdàn tàbí Èkó náà lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó san kọ́bọ̀ fún aṣojú kankan.

CoS ni ìwé-ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́. Kì í ṣe bébà tí a ń dì mọ́wọ́; nọ́ńbà kan ni, tó so mọ́ àkọsílẹ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Nínú àkọsílẹ̀ náà ni orúkọ òṣìṣẹ́, irú iṣẹ́, owó ọdún, wákàtí ọ̀sẹ̀ àti àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ wà. Bí a bá ń sọ pé àbẹ̀wò ń yẹ iṣẹ́ wò, CoS ni ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

SMS ni ojú-òpó tí onígbọ̀wọ́ ti ń fún òṣìṣẹ́ ní CoS, tó sì ti ń fi ìyípadà tó Home Office létí. Level 1 User ni ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́. Authorising Officer sì ni ọ̀gá tí ìjọba yóò bi léèrè bí nǹkan bá wọ́. Òun ló gbọdọ̀ mọ ohun tí Level 1 User ń ṣe. Bí ó bá dáhùn pé “akọ̀wé mi ló mọ̀ ọ́n”, ara ẹ̀bi ni ìdáhùn yẹn fúnra rẹ̀.

Ojúlówó iṣẹ́ ni iṣẹ́ tó wà lóòótọ́, tí iléeṣẹ́ nílò, tí a kò dá sílẹ̀ nítorí kí ẹnì kan lè rí físà gbà.

Àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ni yíyẹ òṣìṣẹ́ wò, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, láti mọ̀ bóyá òfin gbà á láyè láti ṣiṣẹ́. Fún ẹni tó ní eVisa, òṣìṣẹ́ yóò fún agbanisíṣẹ́ ní share code, agbanisíṣẹ́ yóò sì lò ó lórí ojú-òpó ìjọba. Àwòrán kóòdù náà lórí fóònù òṣìṣẹ́ kò tó.

Àbẹ̀wò pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ń wáyé kí ìwé-àṣẹ tó jáde. Èkejì ń wáyé nígbà tí iléeṣẹ́ ti ń ṣe onígbọ̀wọ́. Wọ́n lè fi ọjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì lè dé láìsọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n àbẹ̀wò tí wọn kò kéde ni ó yẹ kí iléeṣẹ́ máa fi sọ́kàn.

3. Ohun tí olùbẹ̀wò ń wá

Olùbẹ̀wò kò wá ka ìwé lásán. Ó ti ka èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́fíìsì rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀. Ohun tó bá wá ni láti gbé CoS kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì gbé ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

*3.1 Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.* Gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí CoS ló ní kóòdù. Nínú ètò tó wà lójú iṣẹ́ báyìí, 6135 ni ti olùtọ́jú àgbà, 6136 sì ni ti olùtọ́jú àgbà tó jẹ́ ọ̀gá. Bí iléeṣẹ́ bá fi 6136 sórí CoS, olùbẹ̀wò yóò bi òṣìṣẹ́ pé: ta lò ń darí? Ta ló ń kọ ètò ìtọ́jú aláìsàn? Ta ló ń fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ oògùn? Bí òṣìṣẹ́ bá dáhùn pé wíwẹ̀ fún àwọn arúgbó àti fífún wọn lóúnjẹ nìkan lòun ń ṣe, tí kò sì sí ẹni tó wà lábẹ́ òun, iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe èyí tó wà lórí ìwé. Iṣẹ́ tó ń ṣe lè jẹ́ iṣẹ́ iyì. Kò yí èsì padà.

*3.2 Owó.* Níbí ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ń ṣubú, pàápàá àwọn tó ń rán olùtọ́jú láti ilé dé ilé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Láti 9 oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó tó kéré jù fún olùtọ́jú àgbà lórí físà yìí ni £12.82 ní wákàtí kan. Bí CoS bá sọ wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀:

12.82 × 37.5 = £480.75 lọ́sẹ̀
480.75 × 52 = £24,999 lọ́dún

Ìyẹn ni £25,000 tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ. Wàyí o, ká ní àwọn oníbàárà iléeṣẹ́ náà dín kù, tí rótà sì ń fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí 24 péré lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó wákàtí tó ṣe nìkan:

12.82 × 24 = £307.68 lọ́sẹ̀
307.68 × 52 = £15,999.36 lọ́dún

Owó wákàtí kan kò yí padà, agbanisíṣẹ́ sì lè fi gbogbo ọkàn gbà pé òun kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀ nǹkan bí £9,000 ló fi dín sí ohun tó ṣèlérí. Home Office kò ní láti dúró de àbẹ̀wò kí wọ́n tó mọ̀, torí pé wọ́n lè fi owó orí tí iléeṣẹ́ san wé iye tó wà lórí CoS. Bí olùbẹ̀wò bá kan ilẹ̀kùn, ó ṣeé ṣe kí ìṣirò yìí ti wà nínú àpò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò wà nínú owó náà. Àkókò tí olùtọ́jú fi ń rìn láti ilé oníbàárà kan dé òmíràn jẹ́ àkókò iṣẹ́ lábẹ́ òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù. Bí rótà bá ka ìṣẹ́jú 30 tó lò lọ́dọ̀ oníbàárà, tó sì fo ogún ìṣẹ́jú tó lò nínú bọ́ọ̀sì kó lè dé ilé tó kàn, owó wákàtí rẹ̀ gan-an ti wálẹ̀ sísàlẹ̀ ohun tó wà lórí páyísílíìpù.

*3.3 Ibi iṣẹ́.* Àdírẹ́sì tó wà lórí CoS ló yẹ kí òṣìṣẹ́ wà. Iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ènìyàn lórúkọ ara rẹ̀ kí ó wá yá a fún iléeṣẹ́ mìíràn láti di àyè òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ mìíràn tí kò ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lọ lẹ́yìn iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ fún un ní físà, bí iṣẹ́ náà bá bá òfin mu. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì: ti àkọ́kọ́, ọ̀gá ló yá òṣìṣẹ́ rẹ̀; ti èkejì, òṣìṣẹ́ ló wá àfikún fún ara rẹ̀, iṣẹ́ tó torí rẹ̀ wá sì ń lọ ní pípé.

*3.4 Ta ló san kí ni?* Agbanisíṣẹ́ ló gbọdọ̀ san Immigration Skills Charge, kò sì gbọdọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Láti 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, òfin náà ti kan owó CoS àti owó ìwé-àṣẹ fún Skilled Worker, tí físà ìtọ́jú jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ìròyìn àwọn aṣojú tó ń ta CoS fún ènìyàn nílé ti pọ̀, nítorí náà olùbẹ̀wò a máa béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ pé ta ló bá a wá iṣẹ́, èló ló sì san. Bí wọ́n bá ń yọ owó lára owó oṣù rẹ̀ láìsí àlàyé lórí páyísílíìpù, ìbéèrè náà yóò gùn.

4. Fáìlì òṣìṣẹ́

Ìlànà Home Office ní àfikún kan tí wọ́n ń pè ní Appendix D. Ibẹ̀ ni àtòjọ ìwé tó yẹ kí onígbọ̀wọ́ pa mọ́ wà. Lára wọn ni ẹ̀rí àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ iṣẹ́, ìwé àdéhùn tí ọwọ́ méjèèjì wà lórí rẹ̀, páyísílíìpù, nọ́ńbà National Insurance, àdírẹ́sì àti fóònù òṣìṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ti lò tẹ́lẹ̀, àkọsílẹ̀ ìsinmi àti àìwásíṣẹ́, àpèjúwe iṣẹ́, àti ẹ̀rí bí wọ́n ṣe wá òṣìṣẹ́ náà rí. Fún nọ́ọ̀sì, ẹ̀rí pé ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NMC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rí àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ iṣẹ́ gbọdọ̀ wà nípamọ́ títí di ọdún méjì lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá kúrò.

Àdírẹ́sì ló máa ń gbó jù nínú fáìlì. Òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ fún oṣù díẹ̀, kí ó tó gba yàrá, kí ìdílé tó dé, kí wọ́n tún tó kó lọ sílé tó tóbi. Bí iléeṣẹ́ kò bá ní àṣà bíbéèrè, àdírẹ́sì àkọ́kọ́ ni yóò wà nínú fáìlì títí. Ìlànà tó rọrùn ni kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ní gbogbo oṣù mẹ́ta, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí ìdáhùn rẹ̀.

Fáìlì tí a tò lóru ọjọ́ kan a máa fi ara rẹ̀ hàn. Gbogbo fọ́ọ̀mù ni ọjọ́ kan náà wà lórí rẹ̀, bíróò kan náà ló kọ ọ́, kò sì sí ibi tí ọbẹ̀ tàbí tíì ti ta sí i. Kò sí òfin tó ní kí fáìlì dọ̀tí. Ṣùgbọ́n kíkọ ọjọ́ àtijọ́ sórí ìwé tuntun jẹ́ ẹ̀tàn, ẹ̀tàn sì burú ju ìwé tó sọnù lọ. Bí ìwé kan kò bá sí, kí wọ́n kọ àkọsílẹ̀ ti òní, kí wọ́n sọ nínú rẹ̀ pé èyí àtijọ́ kò sí, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀.

5. Ìròyìn tí kò gbọdọ̀ pẹ́

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni onígbọ̀wọ́ ní láti fi ọ̀pọ̀ ìyípadà nípa òṣìṣẹ́ sórí SMS: bí kò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí àdéhùn bá parí ṣáájú àkókò, bí owó oṣù bá dín kù, bí ibi iṣẹ́ bá yí padà, tàbí bí ó bá pa iṣẹ́ jẹ fún ohun tó ju ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá léraléra lọ láìgba àyè. Fún ìyípadà tó bá iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀, bíi àdírẹ́sì tuntun, ogún ọjọ́ iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ méjì náà, “láìgba àyè” yẹn, nílò àlàyé. Níbi tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá ti jẹ́ ará ilé kan náà, àdéhùn ẹnu a máa pọ̀. Òṣìṣẹ́ yóò pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi kú láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ lọ sin wọ́n ní Ọ̀ṣogbo.” Ọ̀gá yóò dáhùn pé: “Háà, àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Máa lọ. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.” Ìdáhùn ọmọlúàbí ni. Òṣìṣẹ́ lọ, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó padà, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, olùbẹ̀wò dé. Ó rí i pé rótà kò ní orúkọ òṣìṣẹ́ yẹn fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, páyísílíìpù oṣù yẹn sì kéré. Kò sí fọ́ọ̀mù ìsinmi, kò sì sí ìròyìn lórí SMS. Lójú ìwé, òṣìṣẹ́ yìí sá kúrò níbi iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ sì pa á mọ́. Ìméèlì kan tí ọ̀gá bá fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, tó sọ ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, àti bóyá wọn yóò san owó rẹ̀, ìbá ti tó. Kí agbanisíṣẹ́ sì rántí pé ìsinmi tí a kò sanwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ nínú ọdún kan, àyàfi fún ìdí tí ìlànà yọ sílẹ̀, bí ìsinmi ìbímọ àti àìsàn.

6. Ọjọ́ àbẹ̀wò

*6.1 Lẹ́nu ọ̀nà.* Ìlànà sọ pé onígbọ̀wọ́ gbọdọ̀ gba àwọn òṣìṣẹ́ Home Office láyè wọ ibikíbi tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá béèrè. Ẹni tó kọ̀ lè pàdánù ìwé-àṣẹ rẹ̀ nítorí kíkọ̀ náà nìkan. Àwọn ìbéèrè tó yẹ kí iléeṣẹ́ ti dáhùn ṣáájú ọjọ́ yẹn kò le: ta ni yóò ṣílẹ̀kùn? Ta ni yóò pe Authorising Officer? Bí ó bá wà ní ìrìn-àjò ńkọ́? Ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà? Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọdọ̀ béèrè káàdì ìdánimọ̀ wọn, kí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n dé, kí ó wá àyè tó dákẹ́ fún wọn. Nílé ìtọ́jú, ó tún gbọdọ̀ dáàbò bo àṣírí àwọn aláìsàn. Wọ́n lè ṣe apá kan nínú àbẹ̀wò lórí fídíò pẹ̀lú, ohun kan náà ni wọn yóò sì béèrè.

Kí ẹnì kan máa kọ gbogbo ìbéèrè àti gbogbo ìwé tí wọ́n mú lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí kò sí nítòsí, kí a sọ pé kò sí nítòsí, kí a sì bá wọn fi ọjọ́ tí yóò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ sí i.

*6.2 Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.* Wọn yóò bá Authorising Officer sọ̀rọ̀, wọn yóò sì bá àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí físà sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi òṣìṣẹ́ kì í jinlẹ̀: kí ni o ṣe lánàá? Èló ni wọ́n san fún ọ lóṣù tó kọjá? Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀? Ta ni ọ̀gá rẹ? Báwo lo ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí?

Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ti gbìyànjú láti kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìdáhùn. Èyí kò dára, kò sì gbọ́n. Bí òṣìṣẹ́ mẹ́fà bá fi ọ̀rọ̀ kan náà dáhùn ìbéèrè kan náà, olùbẹ̀wò ti gbọ́ ohun tó wá gbọ́. Ìmúrasílẹ̀ tó tọ́ ni kí òṣìṣẹ́ mọ òtítọ́ nípa ipò ara rẹ̀. Ó yani lẹ́nu bí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí aṣojú bá ṣe ìwé rẹ̀ lè ní nọ́ńbà CoS lọ́wọ́ láìrí ohun tó wà nínú rẹ̀ rí: kò mọ iye owó, kò mọ kóòdù iṣẹ́. Kí agbanisíṣẹ́ fún olúkúlùkù ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ CoS rẹ̀ àti ẹ̀dà àdéhùn iṣẹ́. Kí ó sọ fún wọn pé àbẹ̀wò lè dé, pé kí wọ́n sọ òtítọ́, àti pé “n kò mọ̀” jẹ́ ìdáhùn tó dára bí ẹni náà kò bá mọ̀. Pásípọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá.

Ohun kan wà tí àwọn ará ilé wa gbọdọ̀ fi sọ́kàn. Ọ̀wọ̀ lè mú òṣìṣẹ́ wo ojú ọ̀gá kí ó tó dáhùn, tàbí kí ó máa wolẹ̀. Àmì ẹ̀rù ni ẹni tí kò mọ àṣà yìí lè kà á sí. Kí ọ̀gá jáde kúrò nínú yàrá kí wọ́n tó sọ fún un.

7. Lẹ́yìn àbẹ̀wò

Bí olùbẹ̀wò bá rí àléébù tó ṣeé tún ṣe, wọ́n lè sọ iléeṣẹ́ kalẹ̀ láti ìpele A sí ìpele B. Iléeṣẹ́ yóò sanwó fún ètò àtúnṣe, yóò sì ní oṣù mẹ́ta láti parí rẹ̀. Ní àkókò yìí kò lè fún òṣìṣẹ́ tuntun ní CoS. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè dá ìwé-àṣẹ dúró: iléeṣẹ́ ní ogún ọjọ́ iṣẹ́ láti fèsì. Èsì náà gbọdọ̀ dáhùn ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ gígùn tí kò ní ìwé lẹ́yìn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ tó le jù ni gbígba ìwé-àṣẹ padà. Kò sí ìpẹ̀jọ́ sọ́dọ̀ Home Office lórí rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló kù, ohun tó sì ń yẹ̀ wò ni bóyá ìpinnu náà bá òfin mu. Àwọn ilé ìtọ́jú kan ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́, wọ́n ní ó yẹ kí Home Office kọ́kọ́ ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn arúgbó bí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ. Ní ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ pé òfin kò fi dandan lé e kí Home Office ṣe irú ìwádìí gbígbòòrò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gba ìwé-àṣẹ. Iléeṣẹ́ tó pàdánù rẹ̀ kò lè béèrè òmíràn fún oṣù méjìlá, ó kéré tán.

Òṣìṣẹ́ ni ìyà náà ń jẹ jù, bí kò tilẹ̀ mọwọ́ mẹsẹ̀. Home Office yóò kọ lẹ́tà sí i, yóò sì gé físà rẹ̀ kúrú, lọ́pọ̀ ìgbà sí ọjọ́ 60. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó ní láti rí onígbọ̀wọ́ mìíràn, kí ó bẹ̀bẹ̀ fún físà mìíràn, tàbí kí ó padà sílé. Láti oṣù Keje ọdún 2022 sí oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìwé-àṣẹ tó lé ní 470 ni wọ́n gbà lẹ́ka ìtọ́jú nìkan. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 títí di oṣù Keje ọdún náà, nígbà tí wọ́n fòpin sí mímú olùtọ́jú àgbà wá láti òkèèrè, iléeṣẹ́ ìtọ́jú ní England tó bá fẹ́ gba olùtọ́jú àgbà tuntun láti òkèèrè ní láti kọ́kọ́ wò bóyá ó lè rí ẹni tó yẹ láàárín àwọn tí onígbọ̀wọ́ wọn já sílẹ̀ báyìí.

Owó ìtanràn wà lọ́tọ̀. Fún gbígba ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ iṣẹ́ láìṣe àyẹ̀wò tó tọ́, ó lè tó £45,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti 13 oṣù Kejì ọdún 2024, tàbí £60,000 bí iléeṣẹ́ bá ti ṣe irú rẹ̀ rí.

8. Ní ibòmíràn

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka FDNS ti USCIS, iléeṣẹ́ ìwọ̀lú ibẹ̀, tí wọ́n dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ lọ́dún 2004, ló ń ṣe irú àbẹ̀wò yìí, láìkéde lọ́pọ̀ ìgbà. Iléeṣẹ́ tó gba òṣìṣẹ́ lórí físà iṣẹ́ H-1B àti ìjọ tó mú pásítọ̀ wá lórí físà òṣìṣẹ́ ẹ̀sìn R-1 ni wọ́n sábà máa ń lọ wò, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìjọ tí ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ níbẹ̀. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 17 oṣù Kínní ọdún 2025 sọ ọ́ gbangba pé kíkọ àbẹ̀wò H-1B lè mú kí wọ́n kọ ìbéèrè físà tí iléeṣẹ́ fi sílẹ̀ tàbí kí wọ́n gba àṣẹ rẹ̀ padà. Nàìjíríà náà ní tirẹ̀: iléeṣẹ́ tó gba àjèjì lábẹ́ expatriate quota ní láti máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìwọ̀lú lóṣooṣù.

9. Kókó orí yìí

CoS ni òṣùwọ̀n. Iṣẹ́, owó àti ibi iṣẹ́ ni ohun tí wọ́n ń fi í wọ̀n. Owó ọdún ni wọ́n ń kà, owó wákàtí nìkan kò tó. Ìyípadà nípa òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, ti iléeṣẹ́ ní ogún. Àyè ìsinmi tí a fi ẹnu gbà gbọdọ̀ di ohun tí a kọ. A kì í kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìdáhùn. Ìwé tirẹ̀ ni a ń fún un kà.

Ìdánrawò

1. Túmọ̀ àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan: (a) CoS (b) Authorising Officer (d) ojúlówó iṣẹ́ (e) ìpele B.

2. Òṣìṣẹ́ kan ní CoS wákàtí 39 lọ́sẹ̀ ní £12.82. Fún oṣù mẹ́fà, wákàtí 28 ni rótà fún un lọ́sẹ̀. (a) Ṣírò owó ọ̀sẹ̀ tí iléeṣẹ́ ṣèlérí àti èyí tó san. (b) Èló ni ìyàtọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 26? (d) Kí ni ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ ti ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ dín kù?

3. Kọ ìméèlì tí ọ̀gá inú ìpín 5 ì bá fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kí ó má ju gbólóhùn márùn-ún lọ, kí ìbánikẹ́dùn má sì sọnù nínú rẹ̀.

4. Olùbẹ̀wò dé láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Authorising Officer wà ní Manchester, Level 1 User ń ṣàìsàn, nọ́ọ̀sì kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Tò ohun tí nọ́ọ̀sì náà yóò ṣe ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ní ẹsẹẹsẹ.

5. Iléeṣẹ́ kan fi kóòdù 6136 sórí CoS. Kọ ìbéèrè mẹ́rin tí olùbẹ̀wò lè bi òṣìṣẹ́ náà, kí o sì sọ irú ìwé tó lè ti ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.

6. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: ẹ pín ara yín sí olùbẹ̀wò, agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Ẹ fi àbẹ̀wò ogún ìṣẹ́jú ṣeré, lẹ́yìn náà kí olùbẹ̀wò ka ibi tí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ti agbanisíṣẹ́ kò ti bára mu fún kíláàsì.